Ọbẹ̀ Adìẹ fún Aláìlera: Omi Rẹ̀ Nìkan Kò Tó

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ lórí ọbẹ̀ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ, ọbẹ̀ tí kò sí ilé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n ní agbègbè wa, láti Mówè dé Ìbàfò, àti láti ibẹ̀ dé Ifọ̀. Èyíinì ni ọbẹ̀ adìẹ olómi, èyí tó ta lẹ́nu, tí a máa ń sè fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Bí obìnrin bá bímọ, adìẹ ni a ó pa. Bí ibà bá fi ènìyàn sílẹ̀ tí oúnjẹ kò sì wù ú jẹ, omi ọbẹ̀ adìẹ ni a ó kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá ti Èkó dé ní alẹ́, lẹ́yìn sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí gbogbo ara ń ro ó, pẹpẹ súùpù ni yóò ní kí wọ́n bu wá.

Àṣà rere ni àṣà yìí, èmi kò sì wá láti bù ú kù. Ohun tí mo fẹ́ kí a mọ̀ ni pé àǹfààní wà nínú ọbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ó wà kọ́ ni ó wà. Púpọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá se adìẹ pẹ́, gbogbo agbára rẹ̀ ni yóò jáde sínú omi, pé ẹran tí ó kù kò ju pàǹtí lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń bu omi fún aláìsàn, tí àwọn tí ara wọn le sì ń pín ẹran jẹ. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́, ìgbàgbọ́ yìí sì ti ṣe àwọn ìyá àti àwọn ọmọ kéékèèké ní ibi.

ÀWỌN ARÁ KOREA PẸ̀LÚ Ń SÈ É

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fi adìẹ tọ́jú aláìlera. Ní ilẹ̀ Korea, ní ìlà-oòrùn Éṣíà, ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní samgyetang. Odindi adìẹ kékeré kan, tí ó tó ẹnì kan ṣoṣo í jẹ, ni wọ́n ń lò. Wọn á fọ inú rẹ̀ mọ́, wọn á ki ìrẹsì tí ń lẹ̀ mọ́ra sínú rẹ̀ pẹ̀lú aáyù, àti èso pupa kékeré kan tí ó fara jọ dàbínù, àti gbòǹgbò ewéko kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí ginseng. Àwọn ará Korea fúnra wọn ń pè é ní insam. Wọn á sè é bí wákàtí kan, títí ẹran yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ kúrò lára egungun.

Gbòǹgbò yìí kì í tètè gbó. Ọdún 4 sí 6 ni àgbẹ̀ sábà máa ń dúró kí ó tó wú u, nítorí náà ni ó ṣe wọ́n. Ìlú kan tí ń jẹ́ Geumsan ni òkìkí rẹ̀ kàn jù fún ọjà ginseng ní ilẹ̀ náà.

Ohun tí ó lè ya ènìyàn lẹ́nu ni pé kì í ṣe ìgbà òtútù ni wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ yìí jù. Ìgbà tí oòrùn bá mú gan-an ni. Ọjọ́ 3 wà láàrin oṣù July àti August tí wọ́n yà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí ooru mú jù nínú ọdún, ní ọjọ́ wọ̀nyí ni ènìyàn á tò lẹ́sẹẹsẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ láti ra samgyetang. Wọ́n ní ooru ni a fi ń lé ooru. Ẹni tí ó bá ti rí i bí ìyá àgbà ṣe ń gbé ọbẹ̀ tí ń hó kùtùkùtù síwájú ìyá ìkókó nínú ọ̀sán gangan yóò mọ̀ pé èrò wọn àti tiwa kò jìnnà sí ara wọn.

Àwọn Júù náà kò gbẹ́yìn. Maimonides, oníṣègùn ńlá wọn tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ọbẹ̀ adìẹ dára fún aláìlera. Ẹ rí i pé ènìyàn tí kò mọ ara wọn rí, ní ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ara wọn, ni ó fi ọwọ́ sí ohun kan náà. Irú ohun bẹ́ẹ̀ yẹ ní yíyẹ̀ wò.

ỌBẸ̀ TIWA

Àwa kò ní ginseng nínú igbó wa, ṣùgbọ́n a kò ṣaláìní. Ẹ lọ sí ọjà Ifọ̀, kí ẹ dúró níwájú ìyá ẹlẹ́wé-ọmọ, ẹ ó rí i. Ẹ̀ẹ̀rù wà níbẹ̀, dúdú, gígùn bí ìka ọmọdé, tí òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Àìdan wà níbẹ̀, tí ó ní igun mẹ́rin. Ìyèré wà níbẹ̀, kóró kéékèèké tí ó ń ta lẹ́nu. Atalẹ̀, aáyù, kànáfùrù àti atare kò jìnnà sí wọn, ewé efirin tútù sì wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn. Ohun tí ìyá wa ń kó sínú ọbẹ̀ ìyá ìkókó nìyí, olúkúlùkù ní bí ilé rẹ̀ ti ń ṣe é. Àwọn kan fẹ́ràn ẹja àrọ̀ ju adìẹ lọ, kò sì sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, nítorí ẹja náà ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Àwọn àgbà sọ pé ohun gbígbóná wọ̀nyí ni ó ń fọ ikùn ìyá mọ́, tí ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ jáde tán. Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń fún pọ̀ lẹ́yìn ìbímọ tí ó ń lé ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Fífún ọmọ ní ọmú a máa ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà olóòórùn dídùn náà ní iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ń mú kí oúnjẹ wu ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti korò. Atalẹ̀ a máa dá èébì dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Aláìsàn tí ó bá lè jẹun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ OMI, ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ẸRAN

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti omi. Omi ọbẹ̀ dára fún ẹni tí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ, nítorí omi àti ìwọ̀nba iyọ̀ ni ó ń dá padà fún un. Ooru rẹ̀ a máa ṣí imú tí ó dí. Ní 1978, àwọn dókítà kan ní ọsibítù Mount Sinai ní Miami Beach, ní Amẹ́ríkà, dán an wò. Wọ́n fún ènìyàn ní omi tútù, omi gbígbóná àti ọbẹ̀ adìẹ gbígbóná, wọ́n sì wo bí ikun imú ṣe ń yára jáde. Ọbẹ̀ adìẹ ṣe dáadáa ju omi tútù lọ, ṣùgbọ́n kí ìdajì wákàtí tó pé, imú ti padà sí bí ó ti wà. Ní 2000, Dókítà Stephen Rennard ti yunifásítì Nebraska tún gbé èyí tirẹ̀ jáde. Ó rí i nínú ìgò àyẹ̀wò pé ọbẹ̀ adìẹ ń dín ìrìn àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ kan kù, àwọn tí wíwọ́jọ wọn ń mú kí imú àti ọ̀nà ọ̀fun wú nígbà òtútù. Inú ìgò ni ó ti rí i o, kì í ṣe nínú ara ènìyàn. Nítorí náà, a lè sọ pé omi ọbẹ̀ ń tu ènìyàn lára. A kò lè sọ pé ó ń wo àrùn sàn.

Nísinsìnyí, ó kan ẹran. Ohun tí ń tún ara mọ lẹ́yìn àìsàn tàbí ìbímọ ni àwọn dókítà ń pè ní purotéènì. Bí a bá gbé giramu 100 ẹran adìẹ tí ó jinná, èyí tí ó tó itan kan tí ó dára, nǹkan bí giramu 25 nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ purotéènì. Bí a bá bu ife omi ọbẹ̀ kan, ìwọ̀nba giramu díẹ̀ ni a ó rí níbẹ̀. Síse pẹ́ a máa fa adùn, iyọ̀, ọ̀rá àti díẹ̀ lára ohun tí ó wà nínú egungun sínú omi, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára ẹran kì í kúrò lára ẹran. Ti irin inú oúnjẹ, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: omi ọbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní in rárá. Ẹran ní díẹ̀. Inú ẹ̀dọ̀ adìẹ ni ó pọ̀ sí jù, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti ẹran àyà lọ. Ẹ̀dọ̀ tí a sì ń yọ fún bàbá nìyẹn!

Ẹ kíyè sí ohun kan nípa àwọn ará Korea. Ẹni tí wọ́n bá gbé samgyetang fún, odindi adìẹ náà ni ó ń jẹ, ẹran àti ìrẹsì inú rẹ̀ àti omi rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń bu omi fún un kí ó gbé ẹran lọ. Lójú tèmi, ibi tí ọgbọ́n ọbẹ̀ wọn wà nìyí, ju inú gbòǹgbò olówó iyebíye lọ.

TA NI Ó Ń JẸ ẸRAN?

Ní ayé àtijọ́, ẹran wọ́n, ó sì tọ́ kí ẹni tí ń ro oko jẹ èyí tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n láti inú àṣà yìí ni a ti kọ́ pé ọmọdé tí ó bá ń jẹ ẹran púpọ̀ yóò di olè. Omi ọbẹ̀ ni a ń dà lé ẹ̀kọ tàbí èbà fún un. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà obìnrin kan tí ń jẹ́ Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ àti ojú wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tí ara wọn ń bó, lẹ́yìn tí a já wọn lẹ́nu ọmú sórí oúnjẹ àgbàdo lásán. Ní 1935 ó fi orúkọ tí àwọn Gà ń pe àìsàn náà sínú ìwé àwọn dókítà: kwashiorkor. Ní ilẹ̀ tiwa, Dókítà David Morley ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà dá ilé ìtọ́jú ọmọ kéékèèké sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní ìparí àwọn ọdún 1950. Wíwọn ọmọ lóṣooṣù ni wọ́n fi ń mọ èyí tí oúnjẹ kò tó kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá pa adìẹ nítorí aláìsàn, ẹran náà ti aláìsàn ni. Ọmọ tí ó ti tó jẹun, ẹ já ẹran wẹ́wẹ́ fún un. Ìkókó tí kò tíì pé oṣù 6 kò gbọdọ̀ tọ́ omi ọbẹ̀ wò, ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ rẹ̀.

BÍ A TI Ń SÈ É

Adìẹ ìbílẹ̀ tàbí àgbébọ̀ tí ó ti yé ẹyin tán dára fún ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ó yi. Ẹ fún un ní wákàtí 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná jẹ́jẹ́. Adìẹ agíríìkì kì í pẹ́ tó wákàtí kan kí ó tó rọ̀. Ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ da omi tí ó bò ó mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ kó àlùbọ́sà, atalẹ̀ díẹ̀ tí a fọ́, aáyù, ẹ̀ẹ̀rù 2 àti ìyèré díẹ̀ tí a gún sí i. Ẹ fi ata sí i níwọ̀nba. Nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ já efirin sí i. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe bí àwọn ará Korea, ẹ da ìkúnwọ́ ìrẹsì, ìrẹsì Ọ̀fàdà náà dára, sínú ọbẹ̀ kí ó sè títí yóò fi rọ̀, nítorí aláìsàn nílò oúnjẹ tí ń fúnni ní okun pẹ̀lú ẹran. Kí ó fi ẹ̀fọ́ kún un, kí ó sì mu ọsàn tẹ̀lé e, nítorí ọsàn ń jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ. Tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á dáadáa, ẹ fi í sí ìgbà mìíràn.

Ìmọ́tótó ṣe kókó. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pákó tí ẹ fi gé adìẹ tútù kí ẹ tó fi kan ohun mìíràn. Ọbẹ̀ tí ó bá ti tutù kò gbọdọ̀ ju wákàtí 2 lọ níta kí a tó gbé e sínú fíríìjì. Níbi tí iná ìjọba kò bá dúró, ẹ se èyí tí ẹ lè jẹ tán. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kaná padà, ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa. Ẹ kò sì gbọdọ̀ se adìẹ tí ó kú fúnra rẹ̀. Ní 2006 ni àrùn lúkúlúkú tí àwọn dókítà ń pè ní bird flu wọ oko adìẹ ilẹ̀ wa, ní 2007 sì ni ó pa obìnrin kan ní Èkó.

ÀWỌN TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢỌ́RA

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ ṣọ́ iyọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé iyọ̀ ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ tó giramu 5, tí í ṣe ṣíbí tíì kan, kó gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà pọ̀. Iyọ̀ wà nínú Magí pẹ̀lú. Bí ẹ bá fi Magí 3 sí ìkòkò kékeré kan, tí ẹ tún bu iyọ̀ lé e, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú, kí ó dín ata kù. Aboyún kò gbọdọ̀ máa lo ẹ̀ẹ̀rù àti àìdan ní àlòjù láìbéèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, kí ó má sì jẹ ẹ̀dọ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti ginseng fúnra rẹ̀, àwọn ilé oògùn ní Mówè àti Ìbàfò ń tà á ní hóró, ọ̀pọ̀ ọkùnrin sì ń gbé e mì nítorí agbára. Ẹ̀rí tí ó wà fún un kéré ju òkìkí rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, tàbí oògùn àtọ̀gbẹ, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án láìsọ fún dókítà. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó rárá. Òṣìṣẹ́ tí ó ń jí ní aago 4 láti lọ sí Èkó, tí kì í sùn títí di aago 11, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún un: oorun ni ara rẹ̀ ń bèèrè. Kò sí gbòǹgbò tí a lè fi dípò oorun.

NÍGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ KỌJÁ ỌBẸ̀

Mo mọ ìdílé kan ní ìhà Ifọ̀ tí ìyàwó ilé bí ọmọ kejì. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, kò jẹ́ kí ó fi ọwọ́ kan omi tútù, àràárọ̀ ni ó ń gbé omi ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ó ń rẹ obìnrin náà sí i. Wọ́n ní àárẹ̀ ìbímọ ni, yóò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò lè dìde wẹ ọmọ mọ́, àyà rẹ̀ ń já bí ẹni tí ó sáré, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun. Aládùúgbò wọn kan tí í ṣe agbẹ̀bí ni ó wo ìpéǹpéjú rẹ̀ tí ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, wọ́n fún un ní oògùn, ó sì yè. Kò sí ìkòkò ọbẹ̀ tí ì bá ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìdí nìyí tí àjọ ìlera àgbáyé fi gba ilẹ̀ tí àìtó ẹ̀jẹ̀ bá ti wọ́pọ̀ lára aboyún nímọ̀ràn pé kí ìyá máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ. Oògùn yìí kò wọ́n, ẹ bèèrè rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó bá súnmọ́ yín. Ó lè mú kí ìgbẹ́ dúdú, ẹ má jẹ́ kí èyí bà yín lẹ́rù.

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí lára ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹ má ṣe dúró de ọbẹ̀ kí ó jinná, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù:

Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dà tí ó fi ń rẹ aṣọ ìnura tí ó fi dí i láàrin wákàtí kan.
Òòyì, àyà jíjá, mímí gúlegúle, tàbí ìpéǹpéjú tí ó funfun.
Ara gbígbóná, tàbí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń rùn.
Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tí ó ń ṣú, ojú àti ẹsẹ̀ tí ó wú, tàbí gìrì.
Mímí tí kò já gaara bí ó bá dùbúlẹ̀.

Bákan náà ni ti ibà. Omi ọbẹ̀ adìẹ kì í pa kòkòrò ibà. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ lo oògùn ibà pé, kí ọbẹ̀ máa bá oògùn rìn.

Nígbà tí a bá kí ìyá ọlọ́mọ pé "ẹ kú ewu," a sábà máa ń rò pé ewu náà ti rékọjá bí ọmọ bá ti ké. Kò tíì rékọjá. Títí di ọjọ́ 42 ni àwọn dókítà ń ka ìyá sí ẹni tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ̀yin ìyá ìyàwó, ẹ̀yin ọkọ, ẹ máa se ọbẹ̀ náà lọ. Ẹ bu omi rẹ̀ fún un ní gbígbóná, ẹ gbé itan àti ẹ̀dọ̀ lé e, kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Bí ó bá ń jẹun tí àárẹ̀ kò sì lọ, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ó dìgbà kan ná.